Balógun Ikọ̀ Tí Kì Í Ṣe Òun Ló Mọ Bọ́ọ̀lù Jù

Èmi kọ́ ni mo mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú ikọ̀ wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbọ́ pé mo ti ṣe balógun ikọ̀ básíkẹ́tì àwọn obìnrin nílé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ ní Ìlaròó máa ń rò pé ńṣe ni mo máa ń fò bí àṣá, tí mo sì máa ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láti ibi tó bá wù mí. Rárá o. Mo ga, ìyẹn ò ṣe é jiyàn. Gíga yẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè mí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí mo gbé àpótí aṣọ mi sórí, tí mò ń wá ilé tí wọ́n ní kí n máa gbé, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé àti bàtà kánfáàsì dá mi dúró lẹ́bàá pápá. Fèrè rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Níbo lo ti wá?"

"Owódé ni, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń gbá básíkẹ́tì ní Owódé?"

"Rárá, sà. Ọjà la máa ń ná."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Sọ àpótí yẹn kalẹ̀ nílé, kí o padà wá níbí nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lè fi ojú kan wo oníbàárà, kó fi ojú kejì wo olè, yóò mọ básíkẹ́tì gbá."

Ọkùnrin yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Láàárọ̀, ìṣirò ló máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò bọ́ táì sílẹ̀, yóò sì gba pápá lọ. Ọmọ Ìlárá ni, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, gbogbo wa la sì máa ń pè é ní Bàbá Kóòṣì. Kì í pariwo. Tí inú bá bí i, ńṣe ni yóò mú fèrè kúrò lẹ́nu, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, yóò sì máa wò wá títí tí ojú fi máa tì wá.

Ilé wa ní Owódé, ike àti abọ́ ni bàbá mi ń tà. Mùsùlùmí ni wá, èmi sì ni àkọ́bí. Láti kékeré, iṣẹ́ mi lọ́jọ́ ọjà ni kí n máa kó àwọn àbúrò mi lọ, kí n sì kó wọn bọ̀, láàárín àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ru ẹrù bọ̀ láti Ìdírókò. Èyí àbíkẹ́yìn wọn kì í lè rìn kíá, ó sì fẹ́ràn kó máa dúró wo gbogbo nǹkan. Mo tètè mọ̀ pé kò sí bí mo ṣe lè yára tó, mi ò tíì délé àfi tí òun náà bá délé.

Nígbà tí mo pe bàbá mi lórí fóònù láti sọ fún un pé wọ́n ti mú mi sínú ikọ̀, ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Ṣé wàá máa bo orí rẹ?"

"Màá máa bò ó, Bàbá."

"Ṣé wàá máa kàwé rẹ?"

"Màá máa kà á."

"Ó dáa. Tí o bá máa ṣe é, má ṣe é lábọ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá gígùn àti hijáàbù gbá básíkẹ́tì nìyẹn. Ọdún kan gbáko, ìjókòó bẹ́ǹṣì ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò fi ìjókòó náà ṣòfò. Mo mọ ẹni tó máa ń rẹ̀ kó tó sọ pé ó rẹ òun. Mo mọ ẹni tí wọn ò gbọ́dọ̀ bá wí níwájú ẹlòmíì, mo sì mọ ẹni tó jẹ́ pé bí o kò bá bá a wí níwájú gbogbo ayé, kò ní gbọ́.

Ní ọdún kejì, balógun wa jáde nílé-ẹ̀kọ́, ó sì di dandan kí wọ́n yan òmíràn. Kò sí ẹni tó ṣiyèméjì nípa ẹni tó máa jẹ́. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ níbẹ̀ ní Ìlaròó. Ọmọ Pásítọ̀ la máa ń pè é. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú gbogbo wa. Tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó wọlé. Ó rẹwà, ó mọ̀rọ̀ sọ, àwọn èèyàn sì máa ń wá sí pápá nítorí rẹ̀.

Bàbá Kóòṣì kó wa jọ, ó dárúkọ mi. Bó ṣe dárúkọ mi tán, gbogbo ojú yí sí Ọmọ Pásítọ̀. Ọmọ Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ tán, mo lọ bá Bàbá Kóòṣì níbi tó ti ń kó àwọn bọ́ọ̀lù sínú àpò.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́ ni ipò yìí tọ́ sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ wà níbẹ̀."

Kò wo ojú mi. "Tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sí wa lọ́wọ́, tí gbogbo yín bá gbéra pé ẹ fẹ́ sáré lọ sí òdìkejì, ìwọ nìkan lo máa ń bojú wẹ̀yìn kí o tó sáré. Kí lo máa ń wò?"

Mi ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò ó díẹ̀. "Mò ń wo ẹni tí kò tíì gbéra, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n. Àwọn tó mọ àwọ̀n wò pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Bá mi mú àpò yìí dání."

Ó ti tán nìyẹn. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìyànsípò yẹn mọ́. Èmi náà ò sì tún bèèrè mọ́, torí pé bí mo ṣe ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ nínú ara mi pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kéré, ṣùgbọ́n tèmi ni, mo sì lè lò ó.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi dé bá mi. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó dé lọ́dún yẹn, ọmọbìnrin kúkúrú kan wà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ègùn. Àjàṣẹ́, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ló ti lọ sílé-ẹ̀kọ́ girama kó tó wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ìhà tiwa. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni orúkọ tó mọ́ ọn lára. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ìgbà tí ológbò bá fẹ́ mú eku. Ó máa ń rí ojú ọ̀nà tí ẹlòmíì ò rí, yóò sì ti sọ bọ́ọ̀lù síbẹ̀ kí o tó mọ̀ pé o yẹ kó o wà níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kì í sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń bá wa lójú, ó máa ń bá wa létí, ó sì máa ń bọ́ síta. Lọ́jọ́ kan ó bá Ọmọ Pásítọ̀ ní imú, ẹ̀jẹ̀ sì dà.

"Ẹ sọ fún ọmọ yìí kó máa sọ̀rọ̀ kó tó ju nǹkan lu èèyàn!" Bí Ọmọ Pásítọ̀ ṣe ń pariwo nìyẹn, tó di imú mú.

Àwọn tó kù ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ kàn dúró, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Yorùbá tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ó dún bíi ti Kétu, wọ́n sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé débi pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ̀rọ̀ mọ́.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí níbẹ̀. Nígbà tí eré parí, mo bá a rìn lọ sí ilé rẹ̀. A ra àkàrà lójú ọ̀nà, a ń jẹ ẹ́ bí a ṣe ń lọ.

"Kí ló dé tí o kì í sọ fún wa kí o tó ju bọ́ọ̀lù?"

Ojú rẹ̀ là. "Mo máa ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ìgbà ni mo ń sọ."

"Kí lo máa ń sọ?"

Ó tijú. "Faransé ni. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Tí mo bá ń sáré, òun ló máa ń jáde. Kí n tó yí i sí Yorùbá lórí mi, ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi á ti gbà á."

Ṣé ẹ rí i, ọmọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti dé. Àwa ni a ò gbọ́. Mo ronú lé ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo lè sọ fún un pé kó lọ kọ́ bó ṣe máa máa pariwo ní Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ṣe nìyẹn, kò sì burú. Ṣùgbọ́n tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a máa gba ìyára tí a torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló ní láti sọ̀rọ̀ kíákíá. Àwa tó kù, etí lásán la fẹ́ lò.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó wọn jọ. "Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà tí a máa kọ́," ni mo wí. "Tó bá ní *gọ́ọ̀ṣì*, apá òsì ni. Tó bá ní *dúrúwáàtì*, apá ọ̀tún ni. Tó bá ní *dẹ̀rìyẹ́ẹ̀*, ẹ̀yìn rẹ ni bọ́ọ̀lù wà."

Ọmọ Pásítọ̀ dìde. Òwú ṣì wà ní imú rẹ̀. "Ṣé torí ẹnì kan ni gbogbo wa fi máa kọ́ Faransé? Kí ló dé tí òun ò lè kọ́ tiwa?"

"Torí pé ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń wà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Mo mọ̀ pé tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, yóò kó àwọn kan sẹ́yìn, ikọ̀ á sì di méjì. Mo mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí àwọn tó kù ò kà sí: kò sí ohun tó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó máa ń gbàgbé. Gbogbo orin inú ìwé orin ìjọ bàbá rẹ̀ ló mọ̀ láìwòwé.

"Mo fẹ́ kí ìwọ ṣe olùkọ́ wa," ni mo sọ fún un. "Kí o gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, kí o wá máa bi wá léèrè lójoojúmọ́ títí tí kò fi ní sí ẹni tó máa ṣì í."

Ó wò mí bíi pé mo ti fi nǹkan rẹ́ ẹ jẹ. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí Ọmọ Àjàṣẹ́. "Ó dáa, wá síbí. Tún èyí tó gbẹ̀yìn yẹn pè kí n gbọ́."

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn méjèèjì ti di kòríkòsùn. Ọmọ Pásítọ̀ a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun, yóò kígbe "*Gọ́ọ̀ṣì!*" lójijì, ẹni tó bá sì yí sí ọ̀tún yóò fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá, àwọn tó ń wòran a máa bèèrè pé èdè wo la ń sọ. Bọ́ọ̀lù ò bá ẹnikẹ́ni nímú mọ́.

Ìdíje kan wà láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga agbègbè wa lọ́dún yẹn, ìdíje kékeré, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n. A gbo ewúro sójú àwọn tí a bá pàdé níbẹ̀rẹ̀, ó wá ku àṣekágbá, ìyẹn ní Ayétòrò, lórí pápá àwọn tí a fẹ́ bá gbá.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ìyá Bàbá Kóòṣì kú ní Ìlárá. Ó pè mí lórí fóònù. 

"Ọmọ mi, mi ò ní lè bá yín lọ."

"Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Kí Ọlọ́run tẹ́ Màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣé ká sọ fún wọn pé kí wọ́n sún un síwájú?"

"Rárá. Ìwọ kó wọn lọ. O mọ ẹni tó yẹ kó wọlé, o mọ ẹni tó yẹ kó jáde. Tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, má pè mí láti bi mí léèrè. Pinnu rẹ̀."

Mo sọ fún un pé mo gbọ́. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Ó jọ pé mo ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ gbé wa ní òwúrọ̀. A ò tíì kọjá Jóga-Orílé dáadáa tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú rẹ̀. Dírẹ́bà ṣí iwájú ọkọ̀, ó wò ó, ó mi orí. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ẹnì kan ní ká padà, ẹnì kan ní ká máa gbàdúrà. Mo ní kí àwọn tó fẹ́ gbàdúrà máa gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe é ní ìdúró, kí wọ́n sì máa na ara wọn bí ìgbà tí a fẹ́ wọ pápá. Èmi àti Ọmọ Pásítọ̀ wá bọ́ sójú títì.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló dúró fún wa, gbágùúdá ló kó. Bàbá àgbẹ̀ tó ni ẹrù náà yọ orí.

"Níbo lẹ̀ ń lọ tí ẹ wọṣọ bí sójà báyìí?"

"Ayétòrò ni, Bàbá. A fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ wa ló bàjẹ́."

"Ẹ̀yin obìnrin?"

"Àwa náà ni, sà."

Ó wo bí a ṣe pọ̀ tó, ó wo gbágùúdá rẹ̀. "Ẹ gùn ún. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fìdí rẹmi, ẹ má sọ pé ọkọ̀ mi lẹ wọ̀."

A gùn ún. A jókòó sórí gbágùúdá títí dé Ayétòrò, eruku pupa sì kùn wá láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé, aago ti kọjá. Àwọn onílé ti wọ aṣọ, wọ́n ń jó lórí pápá, rẹfirí sì ti fẹ́ kọ ìṣẹ́gun fún wọn. Mo lọ bá a. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì bá a jà. Mo kí i dáadáa, mo ní, "Sà, ẹ wo aṣọ wa. Ẹni tí kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kò ní gun orí gbágùúdá wá síbí." Ó wò wá láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní ká lọ fọ ojú, ká sì máa bọ̀ kíákíá.

Eré náà le. Àwọn onílé ga, wọ́n lágbára, wọ́n sì mọ Ọmọ Pásítọ̀ ní orúkọ. Èèyàn méjì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, kò lè mí. Ṣùgbọ́n bí Ọmọ Àjàṣẹ́ bá ti kígbe, tí a bá ti yí, ńṣe ni wọ́n máa ń wo ara wọn. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bi èkejì pé, "Kí ló wí?" Kó tó rí èsì gbà, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n.

Nínú básíkẹ́tì, ẹni tí rẹfirí bá fọn fèrè fún ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún pé ó ṣẹ̀ ti jáde nìyẹn, kò ní padà mọ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ ẹni tó ga jù nínú wọn, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣọ́ ọ tí ara wa kò ní kan ara wa. Eré kò tíì parí tí fèrè karùn-ún fi dún sí mi. Àwọn onílé hó yèè. Àwọn tiwa wò mí bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ wọ ọkọ̀ láìmú un dání.

Mo rìn lọ sí bẹ́ǹṣì. Mi ò jókòó. Mo pe Ọmọ Àjàṣẹ́ mọ́ra bí mo ṣe ń jáde.

"Ìwọ lo máa máa darí wọn nínú pápá báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní gbọ́ tèmi."

"Wọ́n ti ń gbọ́ tìẹ látọjọ́ yìí. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀."

Ó padà sínú pápá, ohùn rẹ̀ sì jáde. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Faransé, Ègùn, Yorùbá Kétu, gbogbo rẹ̀ ló pò pọ̀, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Láti etí pápá, mo rí gbogbo nǹkan ju ti ìgbà tí mo wà nínú rẹ̀ lọ. Mo rí ẹni tó ti ń tiro, mo mú un jáde kó tó ṣubú. Mo rí i pé ẹni tó ga jù nínú àwọn onílé ti rẹ̀, kò lè yí sí òsì mọ́, mo sì kígbe rẹ̀ sí wọn. A ń lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ààmì ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi jù wá lọ, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wa.

Mo bèèrè fún ìsinmi ráńpẹ́. Wọ́n sáré wá bá mi, òógùn ń dà lára wọn. Gbogbo wọn ń wo Ọmọ Pásítọ̀. Òun ló ń ju irú bọ́ọ̀lù yẹn látọjọ́ pípẹ́.

Mo wò ó lójú. "Àwọn méjì yẹn ò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ṣé wàá lè fà wọ́n lọ sí igun?"

Ó mọ ohun tí mò ń bèèrè. Kì í ṣe ohun kékeré ni mo ní kó yọ̀ǹda. Àwọn èèyàn tó wá torí rẹ̀ ń wò ó. Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Màá fà wọ́n."

"Ìwọ lo máa jù ú," ni mo sọ fún Ọmọ Àjàṣẹ́. "Má yí ọkàn padà."

Ọmọ Pásítọ̀ sáré lọ sí igun bíi pé òun gan-an ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá, ó ń kígbe, ó ń na ọwọ́. Àwọn méjèèjì tẹ̀ lé e. Iwájú àwọ̀n ṣófo bí ojúlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ọmọ Àjàṣẹ́ dúró níbẹ̀, òun nìkan, ó gba bọ́ọ̀lù, ó fò, ó jù ú. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú bó ṣe jù ú. Bọ́ọ̀lù náà yí etí irin ká, ó rọra dúró lórí rẹ̀ bíi pé ó ń ronú, ó sì bọ́ sí ìta.

Fèrè dún. A fìdí rẹmi.

Ariwo àwọn onílé gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó fi aṣọ bojú. Nígbà tí a wọ yàrá tí wọ́n fún wa láti pààrọ̀ aṣọ, ẹnì kan láti ẹ̀yìn sọ ọ́, kò rọra sọ ọ́: "Ká ní ẹni tó mọ̀ ọ́n jù la fún ni..."

Mo yí padà. "Èmi ni mo ní kó jù ú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn, èmi ni kó wá bá. Ibi tó yẹ ká gbé e dé la gbé e dé; èèyàn wa wà lófìfo níwájú àwọ̀n, láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ. Tí irú ìgbà yẹn bá tún dé lọ́la, òun náà ni màá ní kó jù ú."

 Ọmọ Pásítọ̀ tó ń tú okùn bàtà rẹ̀ kò gbé orí sókè. "Èmi náà ì bá fún un ni," ló wí. Ó dìde, ó lọ fa Ọmọ Àjàṣẹ́ dìde, ó sì bá a fọ ojú.

Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo ti gba ìgbéga, wọ́n sì ti fi mí joyè lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò tíì ṣe olórí dáadáa ju bí mo ṣe ṣe é nínú yàrá yẹn lọ.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, gbogbo ikọ̀ lọ sí Ìlárá. Bàbá Kóòṣì jókòó láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, ó wọ funfun. A kúnlẹ̀, a kí i. Ó fi ọwọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo gbọ́ pé ẹ fìdí rẹmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ààmì kan."

"Ta lo fún ní bọ́ọ̀lù ìkẹyìn?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ó wà lófìfo?"

"Ó wà lófìfo, sà. Kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí padà láti kí àwọn àlejò míì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìpinnu tó dára àti ohun tó bá jáde níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gba ife ìdíje náà lórí pápá tiwa ní Ìlaròó, Ọmọ Àjàṣẹ́ ló sì jẹ́ balógun. Èmi ni mo dárúkọ rẹ̀ fún Bàbá Kóòṣì, torí ọdún ìkẹyìn mi ti dé, ìwé sì fẹ́ ojú mi.

Báyìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí, ní Ayétòrò kan náà tí wọ́n ti nà wá. Àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ mi, àwọn kan mọ iṣẹ́ wọn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ìyẹn kì í sì í bà mí lẹ́rù. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá bá mi. Ó fẹ́ kí n fún òun ní ilẹ̀ tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí a gbin òdòdó sí, kí àwọn ọmọ fi gbin tòmátì. Ó ṣàlàyé rẹ̀, ó yé mi, mo gbà.

Àwọn màlúù jẹ ẹ́. Kò ku ewé kan. Nígbà tí a pe ìpàdé àwọn òbí, bàbá kan dìde, inú rẹ̀ ń ru.

"Oko wà nílé, ọ̀gá. A ò rán àwọn ọmọ wa wá síbí kí wọ́n wá roko. Ta ló tiẹ̀ ní kí wọ́n hú òdòdó?"

Olùkọ́ náà jókòó sí igun, ó tẹ orí ba. Mo dìde.

"Èmi ni, sà. Ó wá bi mí, mo sì gbà. Ohun tó ṣe tọ̀nà. Ọgbà tí a kò ṣe yí i ká ló kù, èmi ló sì yẹ kí n rí ìyẹn. A máa tún un gbìn."

Wọ́n kùn, wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún kọjú sí olùkọ́ yẹn. A fi wáyà yí ilẹ̀ náà ká. Ó tún un gbìn, lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ hu èhù wọn sínú ike lábẹ́ ibòji, àwọn ọmọ sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tòmátì náà so débi pé igi tí a fi gbé wọn dúró ń ṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá tó bínú lọ́jọ́sí wá sí ọ́fíìsì mi. Mo rò pé ẹjọ́ ló tún kó wá. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ yín tó ń gbin tòmátì yẹn, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ Sátidé? Àwa àgbẹ̀ díẹ̀ la fẹ́ kó wá fi bó ṣe ń hu èhù yẹn hàn wá."

"Òun ni kí ẹ bi, sà," ni mo dá a lóhùn. "Ó wà ní kíláàsì tó wà ní òpin ilé yìí."

Ó dúpẹ́, ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì lọ wá a.